Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Bí Wọ́n Bá Pe Arábìnrin Wa sí Ìdánwò Oògùn Tuntun

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá àìsàn, tí Ó sì dá ìwòsàn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn dé ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí kan àwọn arábìnrin wa ju àwọn arákùnrin lọ, ṣùgbọ́n kí arákùnrin kankan má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ọ̀pọ̀ yín ni yóò fẹ́ ìyàwó, àbúrò obìnrin sì wà nílé yín. Ìbéèrè náà nìyí: bí dókítà bá sọ fún arábìnrin kan pé oògùn tuntun kan wà fún àìsàn tí ń da nǹkan oṣù rẹ̀ rú, pé ìjọba kò tíì fọwọ́ sí i fún títà, pé àwọn ń wá àwọn obìnrin tí yóò dara pọ̀ mọ́ ìdánwò rẹ̀, ṣé kí ó gbà ni tàbí kí ó kọ̀?

Àwọn kan yóò ní èèwọ̀ ni, pé ẹni tí ó bá gbà ti fi ara rẹ̀ wéwu. Àwọn mìíràn yóò ní kí ó sáré lọ, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkánjú ló wà nínú ìdáhùn méjèèjì. Súratul-Isrā', àáyà 36, kọ̀ fún wa láti máa tẹ̀lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ní ìmọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, kí a tó sọ ohun tí ó tọ́.

1. ÀÌSÀN WO NI À Ń SỌ?

PCOS ni àwọn dókítà ń pe àìsàn náà. Ní ọdún 1935 ni dókítà méjì ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, Irving Stein àti Michael Leventhal, kọ̀wé nípa obìnrin méje tí ó ní in, láti ìgbà náà ni ìmọ̀ nípa rẹ̀ sì ti ń tàn kálẹ̀.

Ilé ẹyin méjì ni Ọlọ́hun fi sí ara obìnrin. Lóṣooṣù, ẹyin wẹ́wẹ́ mélòó kan á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà nínú wọn, ọ̀kan á gbó, á sì jáde. Bí oyún kò bá dúró, nǹkan oṣù á dé ní bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà. Lára obìnrin tí ó ní PCOS, ètò yìí ló dàrú. Họ́mónù tí ó máa ń pọ̀ lára ọkùnrin á pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ lára rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ínsúlínì, èyí tí ń bá ara lo ṣúgà, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa, ara á wá máa pèsè rẹ̀ sí i. Àpọ̀jù ínsúlínì yìí á tún máa mú kí ilé ẹyin pèsè họ́mónù ọkùnrin náà sí i. Àwọn ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, wọn á sì dúró sójú kan láìgbó. Bí wọ́n bá ṣe síkáànù, wọn á rí wọn wẹ́wẹ́ yí etí ilé ẹyin ká bí ìlẹ̀kẹ̀.

Àmì rẹ̀ ni pé nǹkan oṣù kì í wá déédéé. Ó lè ju ọjọ́ 35 lọ kí ó tó dé, tàbí kí ó má pé ìgbà 8 láàárín ọdún kan. Irun lè máa hù ní àgbọ̀n àti ní àyà, irorẹ́ lè bo ojú, ara lè máa sanra, oyún sì lè pẹ́ kí ó tó dé. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ni yóò rí gbogbo àmì wọ̀nyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé bí obìnrin 1 nínú 10 tí ó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ló ní àìsàn yìí, àti pé nínú 100 tí ó ní in, àwọn tí kò mọ̀ lè tó 70. Bí a bá fi í sílẹ̀ láìtọ́jú, ó lè ṣí ọ̀nà fún ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti jẹjẹrẹ ilé ọmọ.

Títí di òní, kò sí oògùn tí ń mú un kúrò pátápátá. Oúnjẹ tí ó níwọ̀n, iṣẹ́ ara, àti oríṣiríṣi oògùn ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ní in ló sì ń bímọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè wọ́n ní àgàn.

Ní Alajue àti káàkiri Ẹdẹ, ẹ mọ ohun tí ojú obìnrin tí kò tètè lóyún máa ń rí. Bí ìyá ọkọ kò bá sọ̀rọ̀, àwọn ìyàwó ilé yóò sọ ọ́. Bí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ bá dé, yóò máa wá ibi tí yóò gbà kí wọ́n má baà bi í léèrè pé tirẹ̀ ńkọ́. Ó ti mu agbo, ó ti lá àgúnmu, ó ti fi owó ọjà rẹ̀ ra oògùn ní kẹ́míìsì láìmọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ oògùn tuntun létí irú arábìnrin bẹ́ẹ̀, ó lè fọwọ́ síwèé kí ó tó béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ìpọ́njú bá ti dé bá gan-an ni ó yẹ kí a kọ́ ní ìbéèrè bíbi.

Kí a tún fi ọ̀rọ̀ ìjọsìn kan kún un. Àìsàn yìí lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa wá ségesège, kí ó sì pẹ́ kọjá ààlà. Fātimah ọmọ Abū Hubaysh bá irú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.), gẹ́gẹ́ bí Bukhārī ti gbà á wá. Ànábì ṣàlàyé fún un pé iṣan ni ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wá, kì í ṣe nǹkan oṣù. Ó ní kí ó fi ìrun sílẹ̀ ní iye ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń gbà, lẹ́yìn náà kí ó wẹ̀, kí ó sì máa kírun. Arábìnrin tí èyí bá rú lójú, kí ó bi àfáà tí ó mọ̀ nípa rẹ̀, kí ó má ṣe fi ìrun sílẹ̀ fún oṣù méjì nítorí ìtìjú.

2. ÌSÌLÁÀMÙ NÍ KÍ A WÁ ÌWÒSÀN

Àwọn ará oko kan bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) bóyá kí àwọn máa wá ìtọ́jú. Ó dá wọn lóhùn pé kí wọ́n wá a, nítorí pé Ọlọ́hun kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀, àyàfi ogbó. Usāmah ọmọ Sharīk ló gbà á wá, ó sì wà nínú ìwé Abū Dāwūd àti Tirmidhī. Ẹ wò ó dáadáa: bí ìwòsàn bá wà tí a kò tíì mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá a rí. Ìwádìí oògùn jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà tí a ń gbà wá a.

Ní ti ọmọ, Súratush-Shūrā, àáyà 49 àti 50, fi yé wa pé Ọlọ́hun ló ń fún ẹni tí Ó bá fẹ́ ní obìnrin, tí Ó ń fún ẹni tí Ó bá fẹ́ ní ọkùnrin, tí Ó sì ń ṣe ẹni tí Ó bá fẹ́ ní aláìrọ́mọbí. Ìpín ni, kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀, Ànábì Zakariyyā kò jókòó pé ìpín ti dé. Nínú Súratul-Anbiyā', àáyà 89 àti 90, ó ké pe Olúwa rẹ̀, Ọlọ́hun sì tún ìyàwó rẹ̀ ṣe fún un. Mùsùlùmí a máa gbàdúrà, a sì máa wá okùnfà, èyí kò sì tako ìgbáralé Ọlọ́hun.

3. KÍ NI ÌDÁNWÒ OÒGÙN?

Oògùn kì í ti ilé iṣẹ́ bọ́ sí kẹ́míìsì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn á kọ́kọ́ dán an wò lára ẹranko. Lẹ́yìn náà, wọn á fún àwọn ènìyàn díẹ̀ láti mọ̀ bí kò bá léwu. Wọn á wá fún àwọn aláìsàn tí ó pọ̀ díẹ̀ sí i láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ní ìparí, wọn á fi wé oògùn tí a ń lò tẹ́lẹ̀, tàbí wọn á fi wé hóró tí kò ní oògùn kankan nínú, lára ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Láti pín àwọn aláìsàn sí ọ̀wọ́ méjì, gègé ni wọ́n ń ṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, dókítà kò ní mọ ẹni tí ó gba èwo, aláìsàn náà kò sì ní mọ̀, títí ìwádìí yóò fi parí. Ẹnì kan lè sọ pé tẹ́tẹ́ nìyẹn. Rárá. Bukhārī gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Āishah pé bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) bá fẹ́ rìnrìn àjò, yóò ṣẹ́ gègé láàárín àwọn ìyàwó rẹ̀, èyí tí ó bá sì mú ni yóò bá a lọ. Nínú tẹ́tẹ́, ẹnì kan ń fi owó ẹlòmíràn jẹun. Nínú gègé yìí, ìdájọ́ òdodo ni wọ́n ń wá, kí dókítà má baà kó àwọn tí ara wọn le sí ibi oògùn tuntun, kí ó wá sọ pé oògùn náà dára.

Àǹfààní ìdánwò hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ PCOS fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà ti ń fún àwọn obìnrin tí ó ní in ní metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, pé yóò jẹ́ kí wọ́n lóyún. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin 626 gbà láti dara pọ̀ mọ́ ìdánwò kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2007. Nínú 100 tí ó lo metformin nìkan, nǹkan bí 7 ló bímọ. Nínú 100 tí ó lo clomiphene, ó lé ní 22. Bí kò bá sí ìdánwò náà, ọ̀pọ̀ obìnrin ì bá ti fi ọdún mélòó kan ṣòfò sórí oògùn tí kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti bímọ. Ní 2014, èsì mìíràn jáde lára obìnrin 750. Letrozole, oògùn tí wọ́n ṣe fún jẹjẹrẹ ọmú, mú kí nǹkan bí 27 nínú 100 bímọ, clomiphene sì mú kí nǹkan bí 19 bímọ. Láti ìgbà náà ni letrozole ti di oògùn tí àwọn dókítà kọ́kọ́ ń yàn fún obìnrin tí ó ní PCOS tí ó ń wá ọmọ. Àwọn obìnrin 1,376 wọ̀nyẹn ló jẹ́ kí dókítà lè fi ìdánilójú sọ̀rọ̀ fún aláìsàn rẹ̀ lónìí. Súratul-Mā'idah, àáyà 32, sọ nípa títóbi ẹ̀san ẹni tí ó bá mú ẹ̀mí kan wà láàyè. A ní ìrètí pé ẹni tí ó bá fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ìmọ̀ lè jáde fún ẹlòmíràn, tí ó sì ṣe é nítorí Ọlọ́hun, kò ní pàdánù ẹ̀san.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ní 2024, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà kéde pé àwọn fún obìnrin 19 tí ó ní PCOS ní oògùn kan láti ìdílé artemisinin, oògùn ibà, fún ọ̀sẹ̀ 12, àti pé nǹkan oṣù 12 nínú wọn wá ń lọ déédéé. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n obìnrin 19 kò pọ̀, kò sì sí ọ̀wọ́ kejì tí wọ́n fi wọ́n wé. Oògùn ibà tí ó ní artemisinin wà ní gbogbo kẹ́míìsì ní Ẹdẹ. Kí arábìnrin kankan má ṣe lọ rà á kí ó máa lò ó fún oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta ni a sábà máa ń lò ó fún ibà, àlòjù rẹ̀ sì lè mú kí kòkòrò ibà kọ́ bí yóò ṣe máa borí rẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú ìdánwò ní dókítà tí ń wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí ó sì ń mójú tó o. Ẹni tí ó bá dá a lò nílé kò ní alámòójútó kankan.

4. OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ KÁNÒ

Bí a bá sọ̀rọ̀ ìdánwò oògùn ní Nàìjíríà, a kò lè fo ti Kánò. Ní 1996, àrùn yírùnyírùn, èyí tí í máa ń mú ọrùn le, tí í sì ń bá ọpọlọ jà, bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn tí ó mú lé ní 100,000, àwọn tí ó kú sì ju 11,000 lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ le bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ Pfizer ti Amẹ́ríkà wá sí ọsibítù àwọn alárùn àkóràn ní Kánò láti dán oògùn tuntun rẹ̀, Trovan, wò lára àwọn ọmọdé. Ọmọ 200 ni wọ́n lò: 100 gba Trovan, 100 gba ceftriaxone, oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mọ́kànlá kú, márùn-ún nínú àwọn tí ó gba Trovan, mẹ́fà nínú àwọn tí ó gba èkejì. Àwọn òbí sọ pé ara àwọn ọmọ mìíràn kò padà bọ̀ sípò.

Bí ẹ bá wo iye àwọn tí ó kú, ẹ lè bi wá pé kí ni ẹ̀sùn? Ẹ̀sùn náà ni pé ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Wọ́n rò pé ìtọ́jú ni wọ́n ń fún ọmọ wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà onínúure mìíràn wà nínú ọgbà ọsibítù kan náà tí wọ́n ń fúnni ní oògùn tí a ti mọ̀. Ìwé ìròyìn Washington Post tú ọ̀rọ̀ náà síta ní oṣù Kejìlá 2000. Pfizer sọ pé òun kò ṣe àìdára, pé àwọn òbí fi ẹnu gbà. Ẹjọ́ lọ, ẹjọ́ bọ̀, títí ilé iṣẹ́ náà àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò fi parí rẹ̀ ní 2009 sórí dọ́là mílíọ̀nù 75, láìgbà pé òun jẹ̀bi. Ní 2011 ni àwọn ìdílé mẹ́rin àkọ́kọ́ gba owó tiwọn, ọdún 15 lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Trovan fúnra rẹ̀ kò pẹ́ lọ́jà: ní 1999, Amẹ́ríkà dín lílò rẹ̀ kù gidigidi nítorí ìpalára tí ó ń ṣe fún ẹ̀dọ̀.

Ìbànújẹ́ náà kò tán síbẹ̀. Ìfòyà tí ọ̀rọ̀ yìí dá sílẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí Kánò dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní 2003, tí àrùn náà sì tún tàn kálẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Nígbà tí wọ́n bá fi òtítọ́ pa mọ́ fún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń ṣòro fún un láti gba òtítọ́ gbọ́ nígbà tí ó bá dé lẹ́yìn náà.

5. ÌDÁNWÒ TÍ Ó ṢE WÁ LÁǸFÀÀNÍ

Kí a má baà fi ọ̀nà kan ṣe ìdájọ́, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Ẹ̀jẹ̀ tí ń ya lẹ́yìn ìbímọ ti pa ọ̀pọ̀ ìyá ní ilẹ̀ wa. Ìwádìí ńlá kan, tí wọ́n pè ní WOMAN, dán tranexamic acid wò fún un. Obìnrin 20,060 ló wà nínú rẹ̀, ní ọsibítù 193 ní orílẹ̀-èdè 21, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí obìnrin wọn pọ̀ jù. Èsì jáde ní 2017: nínú àwọn tí ó gba oògùn náà, 155 ni ẹ̀jẹ̀ yíya pa, nínú àwọn tí kò gbà á, 191. Oògùn tí owó rẹ̀ kò wọ́n ni. Ní ọdún náà gan-an ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n máa fún gbogbo ìyá tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta sí ìgbà tí ó bímọ. Àwọn obìnrin Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó mú ìmọ̀ yìí jáde, àwọn ìyá kárí ayé ló sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Nítorí náà, ìdánwò oògùn kì í ṣe ohun búburú nínú ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é ló ń sọ ọ́ di rere tàbí búburú.

6. ÌLÀNÀ MẸ́RIN LÁTI INÚ Ẹ̀SÌN

Ìkínní, ìyọ̀ǹda. Nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) wà nínú àìsàn, àwọn ará ilé rẹ̀ rọ oògùn sí i lẹ́nu. Ó fi ọwọ́ ṣe àpẹẹrẹ pé kí wọ́n má ṣe é, wọ́n sì rò pé ìkórìíra tí aláìsàn ní sí oògùn lásán ni. Nígbà tí ara rẹ̀ mókun, ó bi wọ́n pé ṣebí òun ti kọ̀ fún wọn, ó sì ní kí gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ gba irú oògùn náà lójú òun, àyàfi Abbās tí kò sí níbẹ̀. Bukhārī gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Āishah. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù láyé ni wọ́n, ire ni wọ́n sì ń wá, síbẹ̀ kò gbà kí wọ́n fún òun ní oògùn lẹ́yìn tí òun ti kọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ láàárín ará ilé, mélòó mélòó ni ilé iṣẹ́ tí ń wá èrè.

Ìkejì, òmìnira láti yàn. Ibn Abbās sọ nípa obìnrin dúdú kan tí wárápá ń dà láàmú, tí ó wá bá Ànábì fún àdúà. Ó fún un ní ọ̀nà méjì: kí ó ṣe sùúrù kí Àlùjánnà jẹ́ tirẹ̀, tàbí kí òun bẹ Ọlọ́hun kí Ó wò ó sàn. Obìnrin náà ló yàn fúnra rẹ̀. Ó yan sùúrù, ó sì ní kí ó bẹ Ọlọ́hun kí ara òun má máa ṣí sílẹ̀ bí ó bá dé. Bukhārī àti Muslim ló gbà á wá.

Ìkẹta, ìmọ̀ àti ẹ̀bi. Nínú ìwé Abū Dāwūd, Ànábì fi yé wa pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìṣègùn láìjẹ́ ẹni tí a mọ̀ mọ́ ọn, òun ni ẹ̀bi ìpalára wà lọ́rùn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ bèèrè ẹni tí yóò san owó ìtọ́jú bí oògùn bá ṣe yín ní jàǹbá.

Ìkẹrin, àìṣe ìpalára. Súratul-Baqarah, àáyà 195, kọ̀ fún wa láti fi ọwọ́ ara wa sọ ara wa sínú ìparun. Ewu díẹ̀ tí a mọ̀, tí a wọ̀n, tí àǹfààní rẹ̀ sì ju ewu rẹ̀ lọ, kò sí nínú ìyẹn. Ewu tí wọ́n fi pa mọ́ fún wa ni ó yẹ kí a sá fún.

Òfin ilẹ̀ wa náà bá èyí mu. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ pé kò sẹ́ni tí ó gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí lára ènìyàn láìjẹ́ pé ẹni náà fi ọwọ́ síwèé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé ìdí ìwádìí náà àti ohun tí ó lè ṣe fún ìlera rẹ̀. Àwa Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ rí kíkọ nǹkan sílẹ̀ bí àìfọkàntánni. Nínú Súratul-Baqarah, àáyà 282, àáyà tí ó gùn jù nínú Al-Kùránì, Ọlọ́hun ní kí a kọ ọ̀rọ̀ gbèsè sílẹ̀ kí a sì pe ẹlẹ́rìí. Bí owó bá tó bẹ́ẹ̀, ara ńkọ́?

7. OHUN TÍ ARÁBÌNRIN YÓÒ BÈÈRÈ

Bí wọ́n bá pè yín, yálà ní Òṣogbo, ní Ilé-Ifẹ̀, ní Ìbàdàn tàbí níbikíbi, ẹ má ṣe fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ náà. Ẹ mú ìwé náà lọ sílé, kí ẹ sì mú ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí wá:

(a) Ta ni ń ṣe ìwádìí yìí, ta ni ó sì ń náwó sí i? Ṣé ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ìwádìí wò ní ọsibítù náà ti fọwọ́ sí i? Ṣé NAFDAC ti gbà á láyè? Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé hàn yín.

(b) Oògùn wo ni mo ń lò lọ́wọ́ tí èmi yóò fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀? Bí gègé bá mú mi sí ọ̀wọ́ tí kò gba oògùn, kí ni yóò jẹ́ ìtọ́jú mi?

(d) Ìnira wo ni wọ́n ti rí lára àwọn tí ó ti lò ó? Ta ni mo lè pè lóru bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀?

(e) Ṣé mo lè lóyún nínú ìdánwò náà? Ọ̀pọ̀ ìdánwò ní í máa ń sọ pé kí obìnrin má lóyún títí oògùn yóò fi tán lára rẹ̀. Ẹni tí ó ń wá ọmọ gbọ́dọ̀ mọ èyí kí ó tó wọlé.

(ẹ) Ta ni yóò yẹ ara mi wò? Ẹ lè ní kí dókítà obìnrin ṣe é. Arábìnrin tí kò tíì lọ́kọ lè sọ pé orí ikùn ni kí wọ́n ti ṣe síkáànù.

(f) Kí ni wọ́n fi ṣe awọ oògùn náà? Bí oṣù Ramadan bá dé, ṣé mo lè lò ó ní sààrì àti ní ìṣínu?

(g) Ṣé mo lè kúrò nígbà tí ó bá wù mí, kí ìtọ́jú mi ní ọsibítù má sì bàjẹ́? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ dìde kí ẹ máa lọ sílé.

(gb) Bí ìwádìí bá parí tí oògùn náà sì dára, ṣé èmi náà yóò rí i lò?

Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ tí wọ́n bá fúnni kò burú. Ṣùgbọ́n bí owó náà bá pọ̀ débi pé òun ni ó ń fà yín, ẹ dúró kí ẹ ronú. Ẹ bá ẹni tí ó mọ ìṣègùn sọ̀rọ̀, tí kò sí nínú ìwádìí náà. Ẹ bi àfáà yín, nítorí Súratun-Nahl, àáyà 43, ní kí a bi àwọn onímọ̀ bí a kò bá mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kí ìrun Istikhārah. Istikhārah kò dípò ìbéèrè. Ẹni tí ó ti bèèrè tán ló ń fi èyí tó kù lé Ọlọ́hun lọ́wọ́.

8. Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWỌN ARÁKÙNRIN

Ẹ̀yin ọkọ, kí ìyàwó bá yín jíròrò dára, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí yín kò dípò tirẹ̀, nítorí ara rẹ̀ ni oògùn náà yóò wọ̀. Ẹ má ṣe tì í wọ inú ìdánwò nítorí pé ẹ fẹ́ ọmọ kíákíá, ẹ má sì ṣe dá a dúró nítorí pé ẹ kò fẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́. Ẹ bá a lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀yin náà wò, nítorí àìtètèbímọ kì í fi ìgbà gbogbo ti ọ̀dọ̀ obìnrin wá. Ẹ sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ilé yín, pàápàá ní ọjọ́ ọdún tí gbogbo ẹbí bá péjọ.

ÀKÓTÁN

Kì í ṣe èèwọ̀ fún Mùsùlùmí láti dara pọ̀ mọ́ ìdánwò oògùn tuntun, kì í sì í ṣe dandan. Ó tọ́ bí ó bá mọ ohun tí ó ń wọ̀, bí ewu rẹ̀ bá níwọ̀n, bí ó bá gbà á tinútinú, bí ó bá sì lè jáde nígbà tí ó bá fẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kù, kí ó kọ̀, kí ó má sì tijú.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀPÉRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín gègé ṣíṣẹ́ nínú ìwádìí àti tẹ́tẹ́?
2. Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́ nínú oògùn tí wọ́n rọ sí Ànábì (S.A.W.) lẹ́nu?
3. Bí àwọn òbí ní Kánò bá ti bi àwọn ìbéèrè tí ó wà ní ìpín 7, kí ni ì bá ti yí padà?
4. Kí ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe kí àwọn arábìnrin tí nǹkan oṣù wọn kò lọ déédéé lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láìtijú?

Kí Ọlọ́hun wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí Ó fún àwọn tí ń wá ọmọ ní ọmọ rere, kí Ó fún àwọn tí ń dúró ní sùúrù, kí Ó sì fi òtítọ́ sí ọkàn àwọn tí ń ṣe ìwádìí. Àmín. Wabillāhi taofīq.